Ojú kọ̀ǹpútà ta ni ká gbà gbọ́? Fótò ìràwọ̀ tí mo fẹ́ fi díje

Ayafótò Ìjẹ̀bú-Òde | ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ òde ni mo fi ń jẹun: ìgbéyàwó, ìsìnkú, Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Àmọ́ láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni fótò ìràwọ̀ ti wọ̀ mí lára. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún jí òun lóru nítorí pé ojú ọ̀run mọ́, òun á kó lọ sílé ìyá òun.

Nínú oṣù kejì, ọyẹ́ ká nílẹ̀ fún òru méjì. Mo gbé kámẹ́rà lọ sí ìhà Òkè-Ẹ̀rì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Erédò, níbi tí iná ìgboro ò fi bẹ́ẹ̀ dé. Orion ni mo dojú kọ, àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra yẹn àti kùrukùru tó wà lábẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí àtàrí ẹni gan-an. 140 fótò ni mo yà, ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀rọ kékeré tó ń yí tẹ̀ lé ìràwọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ nínú Siril, ètò kọ̀ǹpútà fún fótò ìràwọ̀, mo sì parí rẹ̀ nínú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá rèé. Lórí láptọ̀ọ̀pù mi, ojú ọ̀run dúdú bíi kóró iṣin, kùrukùru náà pupa fòò. Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi, ojú ọ̀run di eérú, àwọ̀ ewé sì ń yọ nínú rẹ̀ káàkiri bí ojú búrẹ́dì tó ti bu. Mo gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, kùrukùru pupa mi ti di aláwọ̀ ọsàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n pa ìdíje tí mo fẹ́ fi fótò yìí wọ̀ dé. Lọ́dún tó kọjá mo fi fótò kan ránṣẹ́ sí ìdíje mìíràn, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ojú ọ̀run rẹ̀ ti kú, kò sí nǹkan kan nínú òkùnkùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ó dára! Èwo nínú àwọn ojú wọ̀nyí ni adájọ́ máa fi wò ó?

Bàbá Lábù, Ṣàgámù | ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ọmọ mi, o káre tí o béèrè kí o tó fi ránṣẹ́. Ọdún 26 ni mo fi tẹ fótò kí n tó fi lábù sílẹ̀ fún ọmọ, irú ẹjọ́ yìí ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí mo dá. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Bàbá, ẹ ti sọ ìyàwó mi di dúdú." Èmi kọ́. Ojú láptọ̀ọ̀pù tiẹ̀ ló ń tàn bí iná tírélà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìmọ́lẹ̀ fótò náà wálẹ̀ kí ó lè tù ú lójú.

Adájọ́ ò ní fi láptọ̀ọ̀pù rẹ wò ó, kò ní fi fóònù àbúrò rẹ wò ó. O ò sì lè mọ ohun tó máa fi wò ó. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ ni kí tìrẹ wà níbi tí gbogbo ayé fẹnu kò sí, kó jẹ́ pé bí àṣìṣe bá wà, ti adájọ́ ni.

Tan láptọ̀ọ̀pù náà kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó dá a lẹ́jọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan nígbà tó ṣì tutù. Pa gílóòbù tó wà lẹ́yìn rẹ. Bọ́ ẹ̀wù pupa kúrò lọ́rùn. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwọ̀ aṣọ máa ń ta sójú mọ́nítọ̀, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ògiri lábù mi ò ní àwọ̀ mìíràn ju eérú lọ láti ìgbà tí mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ní ahun ni mí, mi ò fẹ́ ra ọ̀dà.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti ní kámẹ́rà, o ti ní ìdajì ẹ̀rọ ìwọ̀n nìyẹn. Ṣí ojú ewé funfun báláú kó gba gbogbo ojú mọ́nítọ̀. ISO 100, f/8, kí mítà kámẹ́rà wà ní spot, èyí tó ń wọn ojú kékeré kan péré. Sún mọ́ ọn kó má rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí funfun, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú fókọ́ọ̀sì, kí àwọn ojúàmì wẹ́wẹ́ rẹ̀ má baà dà á láàmú. Wo shutter tí kámẹ́rà bá ní òun fẹ́, ìyẹn ìdá ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi ṣí ojú. Bó bá ní 1/10, ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ rẹ wà ní nǹkan bí 80 cd/m², ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ojú mọ́nítọ̀ ṣe ń tàn tó. Bó bá jẹ́ 1/15, 120 ni. Bó bá lọ jẹ́ 1/30, 240 ni, inú iná tírélà lo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárín 80 sí 120 làwa fi ń ṣe fótò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè | ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ṣírò ti Bàbá wò, ó jáde. 12.5 lọ́nà 64 (ìyẹn 8 lọ́nà 8 ti f/8), ẹ pín in sí ISO 100, ẹ máa rí 8. Ẹ wá fi 8 yẹn sọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ shutter di púpọ̀: 10 á fún yín ní 80, 13 á fún yín ní 104. 12.5 yẹn ni iye tí mítà Canon àti Nikon ń lò, ti kámẹ́rà mìíràn lè fi díẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ayafótò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú color picker nínú GIMP, èyí tó ń ka àwọ̀ ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀, ẹ tẹ ojú ọ̀run níbi tí kò sí ìràwọ̀, kẹ́ ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ bá rí: pupa, ewé, aró. Ẹ tẹ ibi tó pọ̀. Nọ́ńbà inú fáìlì ò mọ irú mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ ní.

Ayafótò Ìjẹ̀bú-Òde | ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Bàbá, 1/30 ni kámẹ́rà mi sọ! Láti ọjọ́ tí mo ti ra láptọ̀ọ̀pù yìí ni brightness rẹ̀ ti wà lókè pátápátá.

Nọ́ńbà rèé: àárín fótò, 21, 27, 18. Igun òsì lókè, 33, 41, 26. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀, 19, 25, 17.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè | ọjọ́ Ajé, 11:05 alẹ́

Àṣírí ti tú. Láti 0 dé 255 ni ìwọ̀n náà. Ojú ọ̀run tó wà láàárín 20 sí 30 dára fún irú fótò yìí, ó dúdú, ṣùgbọ́n nǹkan ṣì ń mí nínú rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ti ọdún tó kọjá ti bọ́ sí 0, tí ohun tó wà níbẹ̀ ò sì lè padà mọ́. Ẹ wo fáìlì rẹ̀ bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá wo nọ́ńbà àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ewé ló ga jù níbi gbogbo. Fóònù àbúrò yín ló sọ òótọ́ lórí ìyẹn, láptọ̀ọ̀pù yín ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ ìdérí láptọ̀ọ̀pù náà sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ tún fà á síwájú. Bí òkùnkùn inú fótò bá ń di eérú, tó tún ń dúdú padà, ojú TN ni, irú mọ́nítọ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ibi tẹ́ ẹ ti ń wò ó bá yí. Ẹ ò lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ dá òkùnkùn lẹ́jọ́, bẹ́ ẹ bá mi orí lásán ló ti yí padà. Ẹ wá mọ́nítọ̀ IPS, irú èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí báyẹn, yá, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀.

Igun òsì tó ga yẹn, ó dà bíi pé iná Ìjẹ̀bú-Òde ló gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ padà sí Siril, ẹ lo Background Extraction, tó ń yọ irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó na ìmọ́lẹ̀ fótò náà rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, Photometric Color Calibration, tó ń fi àwọ̀ ìràwọ̀ inú fótò yín wé èyí tí àwọn onímọ̀ ti wọ̀n sínú àkọsílẹ̀. Bí ewé bá ṣì kù, Remove Green Noise wà níbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, mọ́nítọ̀ ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Pupa tó di ọsàn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Gáàsì hydrogen ló ń tan pupa yẹn, ní 656 nanómítà, pupa tó jìn gan-an. Ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ò kó ju nǹkan bí 60 nínú 100 àwọ̀ sRGB (ìwọ̀n àwọ̀ tí gbogbo ayé ń lò) lọ, pupa tiwọn sì máa ń fà sí ọsàn. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí ti àwọn atẹ̀wé yẹn. Ẹ má bá a jà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Gbogbo ayé ló wà lórí fóònù. Adájọ́ yẹn gan-an, inú ọkọ̀ ló máa jókòó sí tí á máa fi àtàǹpàkò ti fótò yín kọjá. Ẹ ṣe é kó dára lórí fóònù àbúrò yín, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ lọ sùn.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́ | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 àárọ̀

Ọmọ Igbó, fóònù ta ni? Tèmi ní ibi tí wọ́n kọ Vivid sí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, tòmátò á di ata rodo. Ti ọkọ mi ń pọ́n lálẹ́ fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ní òun ń dáàbò bo ojú. Èwo nínú méjèèjì ni kí ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe ìwọ̀n?

Gàrí ni ìyá mi tà dàgbà. Bí kóńgò ẹnì kan bá jìn nídìí, tí wọ́n ti lu ti ẹlòmíràn wọnú, èèyàn ò ní fojú wo gàrí kó sọ ẹni tó rẹ́ òun jẹ. Kóńgò kan wà tí gbogbo ọjà mọ̀, òun ni wọ́n á gbé wá. sRGB ni kóńgò yẹn. HP àti Microsoft ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, òun náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò títí di òní. Bí o bá wọn tìrẹ dáadáa, ẹni tí kóńgò tiẹ̀ jìn nídìí á rí fótò rẹ bó ṣe ń rí fótò gbogbo èèyàn. Ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ṣe tìrẹ bá kóńgò jíjìn mu, ọ̀dọ̀ ẹni tí tiẹ̀ dáa ni ojú á ti tì ọ́.

Àwòrán ara páálí ọṣẹ àti ìgò òróró ni mo ń ṣe, nítorí náà mo ní Spyder, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ sójú mọ́nítọ̀ kó máa wọn àwọ̀. Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. DisplayCAL ni mo fi ń darí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ArgyllCMS ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń ní kó gbé funfun sí 6500K (bí nọ́ńbà yìí bá ga jù, funfun á fà sí aró), gamma, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun, sí 2.2, ìmọ́lẹ̀ 100. Á kọ́kọ́ ní kí n fi bọ́tìnnì ara mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ tún ìmọ́lẹ̀ àti funfun ṣe, lẹ́yìn náà á máa gbé àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Lọ se ìkọ́kọrẹ́ kí o tó padà dé.

Nǹkan méjì ló máa bí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pa á pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe tó ń wọnú káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà, ìyẹn kan gbogbo nǹkan tó bá hàn lójú mọ́nítọ̀. Èkejì ni profaili, ìwé ẹ̀rí tó ń sọ irú ẹni tí mọ́nítọ̀ náà jẹ́. GIMP, Photoshop àti Firefox mọ̀ ọ́n kà. Ohun mìíràn tí o fi ń ṣí fótò lè má bìkítà, ìdí nìyẹn tí fótò kan náà fi lè ní ojú méjì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ẹ gbọ́ èyí tó fojú mi rí màbo. Mo ti wọn mọ́nítọ̀ láptọ̀ọ̀pù mi tán, mo ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́, wọ́n mú iná lọ. Láptọ̀ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, mi ò sì kíyè sí i pé ojú rẹ̀ ti yí. Mo parí páálí oníbàárà kan báyẹn. Nígbà tó dé láti ibi ìtẹ̀wé, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a jọ sọ, èmi ni mo sì san owó àtúntẹ̀. Káàdì Intel ní ètò kan tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tó sì ń yí contrast padà tí a bá wà lórí bátìrì, kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ wá a kàn nínú ètò Intel, ẹ pa á. Ẹ pa Night light, ẹ pa èyí tó ń fúnra rẹ̀ yí brightness padà. Bẹ́ ẹ bá sì jí láptọ̀ọ̀pù lójú oorun, ẹ wò ó bóyá àtúnṣe inú káàdì ṣì wà. Ti Windows máa ń já bọ́ nígbà mìíràn.

Ayafótò, bí o bá lè wá mú Spyder ní Ìkẹ́nnẹ́, mo lè yá ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní fún oníkẹ̀kẹ́ gbé wá o.

Bàbá Lábù, Ṣàgámù | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ìyá Ìbejì ti parí iṣẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa tẹ fótò náà sórí pépà, 100 yẹn ṣì lè ga fún yàrá tí kò ní iná púpọ̀. Gbé pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́. Bí funfun mọ́nítọ̀ bá ń lé pépà sá, ìwọ lo ń tan ara rẹ jẹ. Bí àpẹẹrẹ, ìdíje fótò ìràwọ̀ tí Royal Observatory Greenwich, ilé ìwòràwọ̀ ní London, ń ṣe láti 2009, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni JPEG orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn tó bá kù lórí asẹ́ ni wọ́n ń béèrè fáìlì ńlá lọ́wọ́ wọn, ti àwọn tó yege á sì lọ síbi ìpàtẹ. Kó dára níbi méjèèjì ni kí o máa rò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé láti béèrè: báwo lẹ ṣe gbé fótò náà dé orí fóònù àbúrò yín?

Ayafótò Ìjẹ̀bú-Òde | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:32 ọ̀sán

WhatsApp ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Ẹẹ́n! Búrẹ́dì tó bu yẹn nìyẹn. WhatsApp máa ń fún fótò pọ̀, inú òkùnkùn ló sì ti máa ń hàn jù. Àwọ̀ ewé jẹ́ tiyín, bíbu jẹ́ ti WhatsApp. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ìdí kan náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ wà nínú TIFF bíìtì 16, irú fáìlì tí kì í fún fótò pọ̀ tó sì ní ìpele púpọ̀, títí dé ìparí, kí JPEG gbẹ̀yìn. JPEG ò ní ju ìpele 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá ogún péré nínú rẹ̀ ni gbogbo òkùnkùn ojú ọ̀run yín ń pín lò. Bẹ́ ẹ bá wá fi denoise, tó ń nu àmì wẹ́wẹ́ bíi yanrìn kúrò, gbá gbogbo yanrìn inú fótò náà dànù, àwọn ìpele yẹn á yọ síta bí àtẹ̀gùn. Ẹ fi yanrìn díẹ̀ sílẹ̀, òun ló ń bo àtẹ̀gùn. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yí i sí sRGB, kí profaili rẹ̀ sì wà nínú fáìlì. Adobe RGB, ìwọ̀n àwọ̀ mìíràn tó fẹ̀ ju sRGB lọ, tí kò bá ní profaili nínú, á ṣá lójú ẹni tó bá ṣí i bíi sRGB, pupa yín á dà bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Ayafótò Ìjẹ̀bú-Òde | ọjọ́ Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ti dé Ìkẹ́nnẹ́, mo ti gba Spyder, Ìyá Ìbejì sì fún mi lóúnjẹ lọ́nà àjò. Mo yá mọ́nítọ̀ IPS lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Kí n tó fọwọ́ kàn án, DisplayCAL ní funfun rẹ̀ wà ní 7900K. Ìyẹn ni pé aró ló ń bá funfun rẹ̀ jẹun, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi funfun rẹ̀ mọ́ ju ti ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tó dé 6500K, ó kọ́kọ́ dà bíi pé ẹnì kan da tíì sí i. Ó tó wákàtí kan kí ojú mi tó gbà á.

Mo tún fótò náà ṣe láti Siril wá. Àárín ojú ọ̀run ti di 24, 24, 25. Igun òsì, 26, 25, 26. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù: kùrukùru aró kékeré kan wà lókè ńlá yẹn, mo ti ń rò pé àbààwọ́n ojú lẹ́ńsì ni, mo sì ti fẹ́ nù ún kúrò. Running Man ni wọ́n ń pè é. Láptọ̀ọ̀pù mi ò fi hàn mí rí.

Fáìlì ọdún tó kọjá wà lọ́wọ́ mi. 0, 0, 0. Ibi tí mo tẹ̀ tó mẹ́wàá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó | ọjọ́ Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mi ò gbà tán o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ọ̀kan. Mo ní fótò òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà, èyí tí àwọn àgbà ní kì í ṣe ajá òṣùpá. Òṣùpá tín-ín-rín ni, ìmọ́lẹ̀ ayé sì ta padà sí ibi tó ṣókùnkùn lára rẹ̀, tí òbìrí rẹ̀ fi hàn tán. Lórí fóònù mi, ó dùn ún wò. Àná mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, etí òṣùpá nìkan ló kù níbẹ̀. Mo tẹ ibi dúdú náà: 6, 6, 7.

Ìyá Ìbejì, bí Ayafótò bá dá Spyder yẹn padà, ṣé ó lè dé Ìjẹ̀bú-Igbó?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́ | ọjọ́ Àìkú, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Kọ́kọ́ gbé òkùnkùn òṣùpá yẹn sókè nínú TIFF, 6 ti kéré jù. Lẹ́yìn náà wá mú un lọ́jọ́rú. Gàrí kóńgò méjì, kóńgò tèmi la ó sì fi wọ̀n ọ́n.